Ẹni Tó Ń Di Okùn Etí-Ilẹ̀ Mú

Àbúrò mi ni Etí-Ilẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi ló sì sùn sí títí ó fi mọ ìrìn. Orúkọ yìí kọ́ ni bàbá wa sọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fún un. Kànga ló ń gbẹ́. Kó tó fi dígà kan ibikíbi, á dùbúlẹ̀ gbalaja, á fi etí ọ̀tún lélẹ̀, á dijú, bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará yàrá kejì. Àwọn tó ń kọjá a máa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ìdùbúlẹ̀ o! Kí ni wọ́n wí lọ́hùn-ún lónìí?" Tó bá dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò létí, á fi àtàǹpàkò tọ́ka: "Ibí ni." Omi á sì wà níbẹ̀.

Ẹni méjì ní í gbẹ́ kànga. Ọ̀kan á wọlẹ̀, ìkejì á dúró lókè di okùn mú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò rí ju ojú ọ̀run tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò lọ. Okùn yẹn ni ìyá rẹ̀, òun ni bàbá rẹ̀. Bí ẹni òkè bá yíjú wo obìnrin tó ń kọjá, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

Ẹni tó ń di okùn àbúrò mi mú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi igi gun yanrìn ni. Dìókùnmú là ń pè é. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, àwàdà kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́, Dìókùnmú ò fi ẹsẹ̀ kan kànga rí. Bí a bá bi í, á ní, "Ihò tí wọ́n máa sin mí sí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. N ò lè máa lọ dán an wò lójoojúmọ́."

Wọ́n ní ìpè kan láàárín ara wọn. Etí-Ilẹ̀ á ké láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò: "Okùn ńkọ́?"

Dìókùnmú á dáhùn: "Ó wà lọ́wọ́!"

Ó tún máa pe, ìkejì á tún dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ di eré. Èmi pàápàá, bí mo bá ń sá aṣọ, ẹnu mi á máa bá wọn dáhùn.

Àbúrò mi tún ní àṣà kan lẹ́nu iṣẹ́. Bí kànga bá ti jìn tó ìdúró èèyàn kan, á bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan sínú agolo òfìfo. Ìdúró èèyàn kejì, agolo kejì. Títí wọ́n á fi kan omi. Á wá tò wọ́n sórí pẹpẹ nínú yàrá ẹ̀yìn, ìlà kan fún kànga kan, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò mọ̀wé, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, kò sí àmì kankan lára agolo wọ̀nyẹn. Bí wọ́n ṣe tò ni ìwé wọn. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ kànga fún un á wá wo irú ilẹ̀ tí omi òun dúbúlẹ̀ sí. Yàrá náà kún débi pé àlejò kan ti wọlé rí, tó ní kí wọ́n wọn ata gígún fún òun.

Orí àpáta ni àdúgbò wa wà. Àtẹ̀gùn òkúta ọgọ́sàn-án ó dín mẹ́ta ni èèyàn máa gùn láti ìsàlẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Òpópónà wa há tó bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó ilé yìí bá sín, ọkọ ilé kejì ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ó dúdú, ó lọ́ràá, ìsun omi sì ń tú jáde lẹ́sẹ̀ àpáta bí ẹni tó ń tú àṣírí. Oko nìkan ló wà níbẹ̀. Láti kékeré la ti ń ru omi láti ìsàlẹ̀ gòkè, ọrùn wa á máa dùn wá, a ò mọ ìdí tí àwọn baba ńlá wa fi kọ ilẹ̀ títẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n wá so mọ́ orí òkúta bí alángbá.

Ohun tí ìyá ìyá wa máa ń wí fún wa nínú òṣùpá ni pé ìyá arúgbó kan ń sùn sábẹ́ ilẹ̀ títẹ́ yẹn. Oorun rẹ̀ ò wúwo. Ẹ lè gbin nǹkan sórí ẹní rẹ̀, ẹ lè pọn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́lé lé e láyà, torí lọ́jọ́ tó bá yí ẹ̀gbẹ́ padà... Àwa ọmọdé á ti sún mọ́ ara wa. Bí a ṣe dàgbà, a pa ọ̀rọ̀ náà tì sápá kan pẹ̀lú àwọn ìtàn yòókù.

Ìgbà tí ọmọbìnrin awalẹ̀pìtàn kan dé ni ìyá arúgbó yẹn tún jí nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ náà tín-ín-rín, fìlà rẹ̀ fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló fi ń gbálẹ̀ inú ihò bí ẹni tó ń kun àtíkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìdí tí àwọn ará ìgbàanì fi gbé ibi tí wọ́n gbé. Wọ́n fún un láyè láti gbẹ́ orí àpáta, wọn ò fún un láyè nísàlẹ̀. Ló bá gba Etí-Ilẹ̀ àti Dìókùnmú síṣẹ́.

Ó wá sílé lọ́jọ́ kan, ó rí yàrá agolo. Ó wo ìlà kan, ó wo ìkejì. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

"Bàbá, mélòó nínú kànga yìí lẹ gbẹ́ sísàlẹ̀, nínú oko?"

"Mọ́kànlá."

"Kí lẹ rí ní ìdúró èèyàn méjì?"

Àbúrò mi wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè orúkọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ògiri," ló wí. "Ògiri amọ̀ tó wó. Nínú mọ́kànlá, mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀ síhà kan náà, bí àwọn tó jọ ń forí balẹ̀. Yanrìn eléérú kan sì wà lórí wọn tí kì í ṣe ti òkè. Láti ìsàlẹ̀ ló ti tú wá. Lórí yanrìn yẹn, iyẹ̀pẹ̀ oko ni títí dé òkè. Kò tún sí ilé kankan mọ́."

"Ẹ sọ fún ẹnì kan?"

"Ta ló bi mí?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, omi sì dúró lójú rẹ̀. Ó wá fi ìka ya nǹkan sínú eruku fún èmi àti àbúrò mi. Ó ní ilẹ̀ là ní ẹsẹ̀ àpáta wa, ojú ibi tó là náà gùn lọ jìnnà. Ibẹ̀ ni omi gbà ń jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn ìgbàanì fi wá, torí níbi tí omi bá wà ni èèyàn máa ń wá. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó là yẹn náà ni ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń bá jáde. Bó bá mì, àpáta á gbọ̀n díẹ̀, á dákẹ́. Ilẹ̀ rírọ̀ tó mumi ńkọ́? Bí omi inú abọ́ tí ọmọdé gbé sáré ni.

"Omi ló pè wọ́n wá, ìmìtìtì ilẹ̀ ló sì kọ́ wọn níbi tí wọ́n máa sùn," ló wí. "Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nínú agolo yín. Àwọn tó ṣẹ́kù gòkè, wọn ò sọ̀kalẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ìyá arúgbó yẹn ni."

Ó ní, "Ìyá wo?" Mo sọ ìtàn náà fún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé èmi gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn lásán, bí kì í bá ṣe pé ìgbìmọ̀ ìlú ti ń wéwèé láti kó gbogbo àdúgbò wa sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́ yẹn. Ilé tuntun, ọ̀nà tó fẹ̀, omi lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni kò ní fẹ́? Ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi bí, ọmọbìnrin tí a ń pè ní Aránṣọ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ti forúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí awalẹ̀pìtàn ti ya ìlà sínú eruku ni Etí-Ilẹ̀ kì í ti í jẹun yó. Kò ro tìlú. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ló ń rò, pẹ̀lú ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹní wọn sí.

Wọ́n dá ọjọ́ ìpàdé. Awalẹ̀pìtàn ní, "Màá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n máa pè mí. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé agolo wá. Kí ọ̀rẹ́ yín náà sì jẹ́rìí, torí òun ló gba gbogbo garawa tó jáde. Ohun tí ẹni méjì bá rí kì í ṣe àlá." Ó yọ lẹ́ẹ̀dì jáde. "Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí wọn lára."

Àbúrò mi ò gbà. "Ọmọ mi, gbé e sápò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan là ń wọ yàrá yìí. Ta ló máa dà á rú?"

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò. *Ta ló máa dà á rú?*

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn ìlú tó wà lódì kejì oko kún fọ́fọ́. Alága ìgbìmọ̀ jókòó níwájú, ọkùnrin tó máa ń fọ̀rọ̀ ṣeré bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù sókè. Àwa mẹ́rin ti ru àpótí agolo sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, Dìókùnmú ló ru èyí tó wúwo jù. Awalẹ̀pìtàn sọ tirẹ̀. Àbúrò mi dìde, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà kànga àkọ́kọ́.

Agolo kìíní: iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Ó dára. Agolo kejì: amọ̀ pupa láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ṣí ìkẹta: iyẹ̀pẹ̀ dúdú tún ni. Ó ṣí ìlà kejì, ó ṣí ìkẹta. Gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀. Kò sí àpólà ògiri kan, kò sí yanrìn eléérú kan. Ó ń ṣí wọn kíákíá, ìdérí ń já bọ́ sílẹ̀, ó ń ró ganran-ganran, ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń wá iyọ̀ nínú rẹ̀ ni?" Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi gbójú sókè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wò. Bí ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ kànga wò ó ni.

Alága ní, "Ẹ̀yin bàbá tó ń di okùn mú, ẹ̀yin lẹ gba gbogbo garawa. Ṣé ẹ rí ògiri?"

Dìókùnmú dìde. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ti ń dàgbà. Òkùnkùn ló ń wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èmi ni mo wà nínú ìmọ́lẹ̀, èmi ni mo ń da garawa. N ò rí ògiri kankan."

Ó jókòó. Gbogbo rẹ̀ ò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìdí àtẹ̀gùn, Etí-Ilẹ̀ dúró dè é. Èmi náà dúró, èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ní kó lọ sílé.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"O ò ṣe nǹkan kan," ni Dìókùnmú wí.

"Ìwọ lo da agolo mi rú."

"Lọ́jọ́ tí o lọ wo ojú ilẹ̀ fún awakọ̀ kan tó fẹ́ gbẹ́ kànga. Mo da àpólà ògiri àti yanrìn náà sínú gọ́tà." Ó wo àtẹ̀gùn tó wà níwájú wa. "Ìyàwó mi ò lè gùn ún mọ́. O mọ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ọdún méjì rèé tí kò tíì tẹ ìta, ojú fèrèsé ló ti ń kí àwọn èèyàn bí ẹyẹ. Alága ní bí ilé bá dúró, ti iwájú pátápátá ni tiwa. Ilẹ̀ títẹ́, ọ̀rẹ́. Omi lẹ́nu ọ̀nà. Ó máa lè jókòó síta."

"Bí ilẹ̀ bá mì ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́ tó mì gbẹ̀yìn. Bóyá ìgbà tí gbogbo wa bá ti kú."

"Ọmọ mi ń lọ síbẹ̀."

Dìókùnmú yíjú kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń tẹ àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé mo mọ ohun tó ń wí. Ohun tó mú àwọn ará ìgbàanì sọ̀kalẹ̀ náà nìyẹn. Orúnkún ẹnì kan ń dùn ún. Ọrùn ẹnì kan ń dùn ún. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ìwọ tí o ti jọ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú kòkòrò yẹn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí lo fẹ́ ṣe?

Wọ́n kọ́ ilé. Aránṣọ wá kí bàbá rẹ̀ kó tó kó lọ. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi. Ẹni tó ń di okùn yín mú, tí ẹ fi ẹ̀mí yín lé lọ́wọ́, òun ló ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ̀yin bá lè gbà á gbọ́ lójoojúmọ́, kí ló dé tí èmi ò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

Ó sìn ín dé orí àtẹ̀gùn. Láti ibẹ̀ ló ti padà.

Bẹ́ẹ̀ ni Etí-Ilẹ̀ ṣe fi kànga gbígbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá a wá, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin alágbára wá tó máa bá a di okùn mú. Á wo ọwọ́ wọn, á ní, "Ọwọ́ yín dára," á sì wọlé. Ó kó agolo padà sórí pẹpẹ bí wọ́n ṣe dàrú, ó ń jókòó sí àárín wọn. Ògiri kan náà ni ilé wa jọ pín. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń ṣí ìdérí, tó ń dé e.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Omi inú ìkòkò mi dédé ń ya òrùka-òrùka. Abọ́ ń gbọ̀n lórí pẹpẹ bí eyín ẹni tí òtútù mú. Agolo kan já bọ́ lódì kejì ògiri, kó tó dúró, ìmìtìtì náà ti tán. Lórí àpáta, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nísàlẹ̀, igbe ni. Kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ògiri là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣe é tì mọ́, àwọn kànga tuntun tí ìgbìmọ̀ gbẹ́ síbẹ̀ sì ń pọ yanrìn eléérú bí ọmọ tó jẹ nǹkan burúkú. Alága rìn yí ká, ó ní sìmẹ́ńtì ni kò tíì gbẹ dáadáa. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì, Dìókùnmú gun àtẹ̀gùn wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èémí ń fọn lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n." Èmi ló kí. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kànga mi ti dí. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n wò. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."

"Ta ló máa di okùn mú?"

"Èmi náà ni."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọdún kan. Ẹ̀rín náà ò dára létí. Ó dìde, ó já okùn rẹ̀ kúrò lára ìṣó.

"Ìwọ lo máa wọlẹ̀," ló wí. "Èmi ni màá di í mú."

Gbogbo ará ìsàlẹ̀ ló ti pé sí àgbàlá Dìókùnmú ká tó dé. Alága wà níbẹ̀, Aránṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan léjìká. Ìyàwó Dìókùnmú jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú lórí ilẹ̀ títẹ́. Ó juwọ́ sí mi. Obìnrin dáadáa ni. Mo juwọ́ sí i padà.

Kànga náà ò ní sìmẹ́ńtì ju ìdúró èèyàn kan lọ láti òkè, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ìhòòhò ni. Etí-Ilẹ̀ so okùn mọ́ ìdí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó so kókó náà lẹ́ẹ̀mejì bí ìgbà tó ń so tara rẹ̀. Wọn ò wo ojú ara wọn. Dìókùnmú fi ẹsẹ̀ kan sínú ihò. Ó fi ìkejì sí i.

Ó lọ. Okùn ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di ìdúró èèyàn kan, ó dúró. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ihò, ó tín-ín-rín, kò dà bí ohùn rẹ̀ rárá:

"Okùn ńkọ́?"

Àbúrò mi ò dáhùn.

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá kan lẹ́yìn mi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, n ò sì lè pa á lẹ́nu mọ́, torí èmi náà ti rò ó.

"Okùn ńkọ́?" Ó ti ń sunkún.

"Ó wà lọ́wọ́," ni Etí-Ilẹ̀ wí. Jẹ́jẹ́ ló wí i, bí ẹni tó ń san nǹkan tí kò fẹ́ san.

Okùn tún lọ, ó dé ìdúró èèyàn méjì. Ó dúró pẹ́. A ò gbọ́ nǹkan kan, àfi iyẹ̀pẹ̀ tó ń já bọ́ sínú omi. Dìókùnmú fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìsàlẹ̀. Àbúrò mi fà á jáde, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Dìókùnmú dé òkè, ó fi ikùn wọ́ jáde. Eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Alága ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Kí lẹ rí?"

Ó wo àbúrò mi. Ó wo ìyàwó rẹ̀ nínú oòrùn. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀.

"Yanrìn," ló wí. "Yanrìn lásán ni."

Lẹ́ẹ̀kejì! Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́fà, n ò tíì gbọ́ ìrora tó dà bí ìmí tí àbúrò mi mí lọ́jọ́ náà. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu okùn.

Dìókùnmú gbìyànjú láti dìde. Bó ṣe nà ró ni nǹkan já bọ́ láti ibi tó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sí. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ mú un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé. Ojú aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ kì í sọ nù fún un.

Àpólà ògiri àtijọ́ ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú rẹ̀ kan dán, wọ́n ti fi ọwọ́ rẹ́ ẹ. Ojú ìka mẹ́rin wà lára rẹ̀ gbọọrọ, bí ẹni tó rẹ́ ẹ ṣe fà á sílẹ̀. Aránṣọ sọ ọmọ kalẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ mẹ́rin sínú ojú ìka yẹn. Wọ́n wọ̀ ọ́ géérégé.

"Obìnrin ló rẹ́ ẹ," ló wí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. "Obìnrin ló rẹ́ ilé rẹ̀."

Ó wo ilé tirẹ̀ lódì kejì, pẹ̀lú ìlà tó là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló rù, ó di ọmọ kan mú, ó sì ń pe ìkejì. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, kò lè kúnlẹ̀ torí ẹrù orí. "Bàámi," ló wí. Ó kan ń wí i ni. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àtẹ̀gùn. Ìdílé mẹ́ta tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù dúró. Alága sọ pé àpólà amọ̀ kì í sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi tú okùn kúrò ní ìdí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ká a dáadáa, bó ṣe máa ń ká a bí iṣẹ́ bá parí. Ó wá nà án sí Dìókùnmú.

"Gbà."

"Kí ni màá fi ṣe?"

"Ìyàwó rẹ ò lè gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tó bá tún mì, fi dè é mọ́ ẹ̀yìn rẹ, kí o pọ̀n ọ́n gòkè. Má jù ú sílẹ̀."

Dìókùnmú gba okùn náà, ó gbé e mọ́ àyà. Ó la ẹnu. Etí-Ilẹ̀ ti yí ẹ̀yìn padà. Láti ọjọ́ náà títí di òní, gbólóhùn kan ò tíì tún kọjá láàárín wọn.

Àwọn èèyàn a máa wí fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni, àwọn ọmọ ń sùn lórí òkúta. Ẹ̀rọ Aránṣọ ń dún lódì kejì ògiri mi láti àárọ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn, òun àti bàbá rẹ̀ ti ń to agolo padà, èyí tí bàbá bá rántí. Aránṣọ ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́ńbà sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpólà ògiri yẹn nìkan ló wà níbi agolo kejì lórí gbogbo ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Láti ìlà kan ni wọ́n ń gbé e lọ sí òmíràn bí àlejò bá wá wò ó.

Ṣùgbọ́n nígbà míì, lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ bá wọ àbúrò mi lára, tó ti gbàgbé ara rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ tó ké láàárín agolo wọ̀nyẹn: "Okùn ńkọ́?" Ẹ̀rọ ìránṣọ á dúró. Aránṣọ ò ní dáhùn. Èmi náà, tí ìdáhùn wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ pípẹ́, màá pa ẹnu mi dé, torí ìpè yẹn kì í ṣe tèmi.